Láti Àgídìngbì dé Kétu: Ìrìnàjò sí Àwọn Ìlú tí Ilé Àtijọ́ Wọn Ṣì Dúró

Àgídìngbì jẹ́ ìlú Àwórì, ìyẹn ẹ̀yà Yorùbá tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Ìṣẹ́rí, Ọ̀tà, Ìkẹjà àti Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ojú títì Lateef Jakande wọ ibẹ̀ lónìí yóò rí ilé-iṣẹ́ Cadbury, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìkẹ́rùsí lóríṣiríṣi àti àwọn tírélà tí ó tò gẹẹrẹ, kí ó tó rí ohunkóhun tí yóò sọ fún un pé ìlú náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó fà á hàn kedere. Ní òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, tí Ìkẹjà wá di olú-ìlú rẹ̀ ní 1976, ilẹ̀ oko tí ó ṣẹ́kù ní Aláùsá àti àyíká rẹ̀ di ọ́fíìsì ìjọba, ilẹ̀ sì gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ilé alámọ̀ kò fi lè bá ilé-iṣẹ́ du ojú ibi kan náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ di oyè, ìdílé àti oríkì wọn mú, ṣùgbọ́n ojú ìlú tí àwọn baba wọn mọ̀ ti yí padà.

Ọ̀ràn Agége tí ó wà nítòsí kò yàtọ̀. Oko kòkó ni ó kọ́kọ́ sọ ilẹ̀ náà di olókìkí, nítorí J. P. L. Davies dá oko kòkó sí Ìjọn ní nǹkan bí ọdún 1880, J. K. Coker tẹ̀lé e pẹ̀lú oko ńlá tirẹ̀ ní Ìfàkò, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ Agege Planters' Union ní 1907. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ oko ti gba èso kòkó lọ sí ìlú wọn ní òkè, tí kòkó fi di owó ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá ń wá àmì oko wọ̀nyẹn lónìí, inú ìwé ni yóò ti rí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó gba ipò oko pàápàá ti ń di ìtàn, nítorí Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008, kò sì wọ́pọ̀ kí a gbọ́ ẹni tí ń sọ pé kí a pa ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn iṣẹ́ àtijọ́ wọ̀nyẹn mọ́ kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí àwọn òbí wọn ti ṣiṣẹ́ ṣíìfù. Ó dára kí ìrìnàjò sí àwọn ìlú tí ó pa ojú àtijọ́ wọn mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti irú ibí yìí, nítorí ẹni tí ó ti rí bí ojú ìlú ṣe ń pa rẹ́ ni ó mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ìlú tí tirẹ̀ kò tíì pa rẹ́.

Ọ̀nà tí àròkọ yìí tẹ̀ lé gba Erékùṣù Èkó kọjá sí Àgbádárìgì, ó kọjá ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ó sì parí sí Kétu. Gbogbo rẹ̀ kò jìnnà tó ìrìnàjò láti Èkó dé Ìlọrin àti padà, síbẹ̀ ó la orílẹ̀-èdè méjì kọjá. Ohun kan tún wà ní Ìkẹjà fúnra rẹ̀ tí ó so ó mọ́ ọ̀nà yìí: títì tí ó gba àárín àwọn ilé-iṣẹ́ náà kọjá, Oba Akran Avenue, ń jẹ́ orúkọ C. D. Akran, ọba Àgbádárìgì tí ó tún jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ìjọba náà ń fi ilé-iṣẹ́ kún Ìkẹjà.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láàárín Agbádó àti Ọ̀yìngbò, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ojú ọ̀nà tí ó ń gbà jẹ́ ojú ọ̀nà kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n tẹ́ irin láti Èkó gba Agége àti Abẹ́òkúta kọjá, tí ó dé Ìbàdàn ní 1900, tí wọ́n sì ṣí i fún èrò ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní Èbúté-Mẹ́ta, nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, Jaekel House ṣì dúró, ìyẹn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n kọ́ ní 1898. Orúkọ ọ̀gá rélùwéè kan ni wọ́n fi sọ ilé náà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlàpà kí ẹgbẹ́ Legacy, tí àwọn olùfẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dá sílẹ̀ ní 1995, tó bá ilé-iṣẹ́ rélùwéè ṣe àdéhùn, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àkójọ àwòrán àti irinṣẹ́ rélùwéè. Ibẹ̀ tọ́ sí ìdúró díẹ̀, pàápàá fún ará Agége, tí ìlú rẹ̀ gbòòrò nítorí ọkọ̀ ojú irin.

Ní Erékùṣù Èkó, àdúgbò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Pópó Àgùdà, tí ó yí Kánḿpósì àti òpópónà Bámgbóṣé ká. Àgùdà ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Sàró ni ti àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Siẹrra Léònè kí wọ́n tó padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà ló mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ kápẹ́ńtà, wọ́n sì kọ́ irú ilé tí kò sí ní Èkó tẹ́lẹ̀. Agbo ilé Yorùbá kọjú sínú, níbi tí àgbàlá wà, ṣùgbọ́n ilé Àgùdà kọjú sí títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe roboto, òpó rẹ̀ ní òdòdó tí bíríkìlà fi ọwọ́ mọ, wọ́n sì máa ń kùn ún ní àwọ̀ tí ó tàn. Láti Èkó ni irú ilé yìí ti lọ sí Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Iléṣà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ilé Yorùbá láti ìpìlẹ̀ ni.

Èyí tí ó wuyì jù nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta jẹ́ Sàró, ó sì gbé ní Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n tó wá sí Èkó. Nígbà tí ó di olówó, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894, níṣojú Gómìnà Gilbert Carter àti Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì ará Liverpool tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹni tí Sọ́tánì ilẹ̀ Tọ́kì rán láti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. João Baptista da Costa, tí ó jẹ́ Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Nítorí náà lára ògiri kan ṣoṣo ni Bràsíl, Siẹrra Léònè, Tọ́kì àti Èkó ti pàdé, ìdí sì nìyí tí ilé náà fi yẹ ní ohun tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé Èkó ń lọ wò. Ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2013, ìyẹn ni pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wó o tàbí láti yí i padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ó ń bójú tó ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Òfin yìí kan náà ni ó bo Ìlójò Bar, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ojúde Tinúbú ní 1855, tí ìdílé Ọláìyá rà lọ́wọ́ wọn ní 1933, tí ìjọba sì kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ìkéde náà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ojúde Tinúbú lónìí yóò wá ilé náà tì, ó sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́ ńlá. Òfin lè fún ilé lórúkọ, ṣùgbọ́n òfin kì í gun àjà lọ wo ibi tí òjò ti ń jò. Shitta-Bey ní ìjọ tí ń kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó ní ìmáàmù, tí ó ní àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ẹjọ́ yóò wá bí òrùlé bá jò; Ìlójò Bar ní àwọn ajogún púpọ̀, owó kò tó wọn láti tún un ṣe, ilẹ̀ tí ó dúró lé sì wà lára ilẹ̀ tí ó wọ́n jù ní Nàìjíríà. Nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìlú àtijọ́ wà: ó ń béèrè ẹni tí ilé náà wà lọ́rùn rẹ̀, tí ó sì ní ohun tí ó ń fi ilé náà ṣe.

A kò gbọ́dọ̀ sọ èyí ní àsọdùn. Ìjọ tí ń lo ilé náà lè wó o, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Mọ́ṣáláṣí Àgbà ti Èkó, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n sì wó ní àwọn ọdún 1980 kí èyí tí ó gba èrò púpọ̀ jù lè dúró níbẹ̀. Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti tán lè rí iṣẹ́ tuntun: ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, níbi tí ìjọba amúnisìn ti sé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́, di Freedom Park ní 2010, ibi eré orí ìtàgé, orin àti oúnjẹ, láìsí pé wọ́n fi ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ pamọ́, nítorí ojú ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà ṣì hàn.

Láti Marina ní Erékùṣù Èkó, ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń gbé èrò dé Mile 2, níbi tí arìnrìnàjò yóò ti wọ bọ́ọ̀sì tí ó gba Òjó, Òkòkómáìkò, Ìjanikin àti Agbárà kọjá lọ sí Àgbádárìgì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì yìí ní 2009, iṣẹ́ náà sì pẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí kò jìnnà fi lè gba àárọ̀ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Kí arìnrìnàjò tètè jáde.

Àgbádárìgì jẹ́ ìlú àwọn Ògù, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ó sì wà ní etí ọ̀sà tí ó nà láti Èkó dé Àjàṣẹ́. Àwọn òpìtàn tí wọ́n yẹ ìwé àwọn oníṣòwò Yúróòpù wò fi ìbẹ̀rẹ̀ òkìkí ìlú náà sí àárín ọdún 1720 sí 1740, nígbà tí ogun ilẹ̀ ọba Dàhòmì lé àwọn ènìyàn àti àwọn oníṣòwò ẹrú wá síhà ìlà-oòrùn. Nítorí náà, ọdún 1502 tí àwọn afinimọ̀nà máa ń dárúkọ fún Fẹlékété, ọjà ẹrú ìlú náà, kò lè bá ìtàn yìí mu, ó sì sàn kí àlejò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnu ń sọ. Èyí kò bu ọjà náà kù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó láti mú kí ẹni tí ó dúró síbẹ̀ dákẹ́, kò sì nílò kí a fi igba ọdún kún un.

Ní 1842 ni àwọn oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì dé sí Àgbádárìgì, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti C.M.S., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì wàásù lábẹ́ igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Àgíyà, tí ó wó ní 1959, tí ọwọ̀n ìrántí sì dúró sí ojú ibi tí ó wà. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà dúró ní etí ọ̀sà náà. 1845 ni wọ́n parí rẹ̀, ọdún kan náà tí Samuel Àjàyí Crowther bá àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí ìlú náà, tí wọ́n ń dúró de ọ̀nà Abẹ́òkúta tí ogun dí. Ilé kékeré ni, ògiri rẹ̀ funfun, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi, ẹni tí ó bá ti inú ìwé ìtàn mọ̀ ọ́n sì lè yà á lẹ́nu pé kò ga ju ilé ìdílé kan lásán lọ. Ọwọ́ ìjọ Áńgílíkà ni ó wà títí di òní, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sì máa ń fi Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ han àlejò.

Ìdí tí ilé yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wà títí di òní ni pé ọrọ̀ ṣí kúrò ní Àgbádárìgì. Akítóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè ní 1845, Àgbádárìgì ni ó sá wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ṣẹ́gun Kòsọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgídìngbì, Akítóyè padà sórí ìtẹ́, àwọn míṣọ́nnárì, àwọn oníṣòwò àti ọ̀pọ̀ Sàró sì kó tẹ̀ lé e lọ sí Èkó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì gba Àgbádárìgì ní 1863, ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ́fíìsì aláṣẹ wọn nígbà náà sì ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà lónìí, ṣùgbọ́n ìlú náà kò tún padà di ojú ọjà bí ti tẹ́lẹ̀. Ìlú tí owó ń wọlé sí lójoojúmọ́ kì í fi ilé baba sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí Èkó ṣe ń wó ilé rẹ̀ láti kọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni Àgbádárìgì ń gbé inú tirẹ̀, ohun tí ó dà bí àdánù fún un nígbà náà ni ó sì ń fa àlejò wá báyìí.

Àdánù nìkan kọ́ ló pa ìlú náà mọ́. Ẹni tí ó bá wọ agbo ilé Sẹ́ríkí Williams Abass yóò rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀. Sẹ́ríkí Abass jẹ́ ọmọ Jóga-Òrílé ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bràsíl, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú oníṣòwò ẹrú, ó di ọlọ́rọ̀ àti olóyè, ó sì kú ní 1919. Ibojì rẹ̀ wà nínú agbo ilé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń sé ẹrú mọ́, tí afẹ́fẹ́ kì í wọ inú wọn àfi láti ojú ihò kékeré òkè ògiri. Ìdílé Mobee náà ń ṣí ilé baba ńlá wọn fún àlejò, wọ́n sì ń fi ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi di ọrùn àti ẹsẹ̀ ẹrú hàn. Ó ṣọ̀wọ́n láti rí irú èyí níbikíbi ní ayé: àwọn ọmọ ẹni tí ó ṣòwò náà ni wọ́n ń dúró sọ ìtàn rẹ̀, wọn kò fi ohun tí ó tini lójú pamọ́, owó díẹ̀ tí àlejò ń san ni wọ́n sì fi ń kan páànù mìíràn. Wọ́n yẹ ní ìyìn ju èyí tí wọ́n ń rí gbà lọ. Síbẹ̀, yàrá tí ìdílé Mobee fi ń ṣàfihàn kún, ohun èlò ibẹ̀ ń dípẹtà nítorí afẹ́fẹ́ òkun, kò sì bójú mu pé ẹ̀wọ̀n tí ó jẹ́ ẹ̀rí ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ń kọjá láti ọwọ́ àlejò kan sí ti òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni àlejò máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù iyanrìn tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ nípa kànga kan tí wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Àgbádárìgì fún ẹni tí ó bá bá ọdún Sàngbétò pàdé. Sàngbétò ni eégún àwọn Ògù, tí ó wọ aṣọ koríko tàbí màrìwò láti òkè dé ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ ìlú ní òru, kí olè má baà wọlé. Nítorí náà, ìlú tí ó ń tọ́jú ilé rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí ìtọ́jú ìlú jẹ́ ìsìn fún un. Ohun tí ó ń ba àwọn olùfẹ́ ìlú náà lẹ́rù báyìí ni pé títì tí wọ́n ń fẹ̀, àti èbúté ńlá tí ìjọba ti ń gbèrò fún ìgbà pípẹ́, lè mú owó ilẹ̀ Àgbádárìgì ga bí ti Ìkẹjà, a ó sì mọ̀ nígbà náà bí ìdílé wọ̀nyí yóò ṣe lágbára tó.

Ẹnubodè Sèmè kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ní ìwé ìrìnnà, kí ó sì pààrọ̀ náírà rẹ̀ sí owó séfà. Láti ibẹ̀, takisí tàbí ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní sẹ́mijàn ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń gbé èrò kọjá afárá ọ̀sà wọ Àjàṣẹ́.

Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ nínú òfin, ṣùgbọ́n Kútọ̀nu ni ààrẹ, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àti èbúté wà, nítorí náà ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àgbádárìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkó ṣẹlẹ̀ sí Àjàṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọ̀nu. Èdè Ẹ̀gùn, Yorùbá àti Faransé ni a ń gbọ́ ní ọjà rẹ̀, ará Èkó kò sì ní ṣìnà níbẹ̀. Ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa, ẹni tí ó jọba láti 1874 títí di 1908, ti bá àwọn Faransé dá májẹ̀mú, ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àgbàlá rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ara wọn sì ń fi hàn bí a ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ará ìta dé ọ̀dọ̀ ọba. Ilé Àgùdà pọ̀ ní àdúgbò tí ó yí ọjà àti mọ́ṣáláṣí ká ju èyí tí ó ṣẹ́kù ní Èkó lọ, wọ́n sì ti orísun kan náà wá, nítorí ìdílé da Silva tàbí Paraíso tí ó wà ní Àjàṣẹ́ bá àwọn Àgùdà Èkó tan ní orúkọ, ní iṣẹ́ àti ní ìgbéyàwó.

Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ibẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ni ilé tí ó ń dá àlejò dúró jù. Bíríkìlà tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni ó wà nídìí rẹ̀, nítorí náà iwájú rẹ̀ dà bí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Bràsíl, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì, òdòdó àti òpó tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, síbẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti Àgùdà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tí èrò pọ̀ jù ú lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun sí. Ohun tí Èkó wó, Àjàṣẹ́ fi sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì dúró pọ̀. Ọgbọ́n yìí rọrùn, ilẹ̀ díẹ̀ àti sùúrù nìkan ni ó gbà, ó sì dunni pé kò sí ẹni tí ó gbà á ní Èkó nígbà náà.

Síbẹ̀ ilé Àgùdà ń wó ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rìn yíká yóò rí ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jìn sínú, tí igi ti hù lórí ògiri rẹ̀, nígbà tí ilé kejì rẹ̀ ṣì ń dán. Ohun tí ó fà á sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún: ilé di ti gbogbo ọmọ, àwọn kan ti lọ sí Kútọ̀nu tàbí Faransé, kò sí ẹni tí ó lè tà á, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ dá owó àtúnṣe ná. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1998, École du Patrimoine Africain, ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì bá a mu pé inú ìlú tí ó ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà.

Ibi tí ọ̀nà àbáyọ ti hàn jù ni àwọn ojúde àtijọ́. Ojúde, tí ó jẹ́ ibi gbalasa tí ó wà níwájú agbo ilé ìdílé kan, tí ojúbọ òrìṣà ìdílé náà sì wà níbẹ̀, ni Àjàṣẹ́ fi yàtọ̀ sí ìlú tí àwọn Faransé fi ìlà tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ààtàn. Ilé-iṣẹ́ àṣà kan tí ń jẹ́ Ouadada bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ìdílé tí ó ni ojúde àti àwọn àwòrò òrìṣà ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó pe bíríkìlà àti ayàwòrán. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ojúde, wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n ya ìtàn ìdílé sára ògiri, wọ́n sì fi ojúde náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Arìnrìnàjò tí ó bá dé irú ojúde bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò bá àwọn ọmọdé tí ń ṣeré, àwọn àgbà tí ń ta ayò, àti ojúbọ tí epo ṣì tutù lára rẹ̀.

Ọ̀nà òkè láti Àjàṣẹ́ gba Sákétẹ́ àti Pọ̀bẹ̀ kọjá dé Kétu, ìlú tí a kì í fojú fò nínú ìtàn àwọn ọba tí ó ti Ifẹ̀ wá. Ohun tí àlejò ń wá lọ síbẹ̀ ni Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú náà, tí ó jẹ́ ilé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ńlá, tí yàrà jíjìn àti odi amọ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Dàhòmì kó Kétu ní 1886, wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ́, olú-ìlú Dàhòmì. Ìlú náà di ahoro títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì láàárín 1892 sí 1894. Nígbà tí àwọn ará Kétu padà dé, ilé kan kò dúró fún wọn láti wọ̀, ṣùgbọ́n ìdílé márùn-ún tí ń jọba ní ìtẹ̀léra ṣì mọ ara wọn, àwọn olóyè mọ ibi tí agbo ilé wọn wà, wọ́n fi ọba tuntun jẹ Alákétu, wọ́n sì tún ìlú kọ́ sórí ojú ibi àtijọ́, pẹ̀lú ẹnubodè náà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ti pín ilẹ̀ ọba náà sí méjì nígbà náà, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ padà sí Èkó láti ibẹ̀ lè gba Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta, kí ó rí àwọn ọmọ Kétu tí ó wà ní ìhà kejì ààlà náà.